Ẹtu Tó Kú Lẹ́yìn Ààlà

Bí ẹ bá gun alùpùpù láti Koko, tí ẹ kọjú sí ọ̀nà Djaloukou, ẹ ó kan ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Ìdí-Òrí. Ẹ má sáré kọjá níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ Bantè ti parí tí ti Savalou bẹ̀rẹ̀, odò tín-ín-rín kan tí ọmọdé lè fò dá ló sì jẹ́ ààlà wọn. Ibẹ̀ náà ni Séà Gaétan ti ṣe ìjọba fún ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin, kí ẹtu kan tó lé e kúrò lórí àga. Òkú ẹtu ni o. Àwọn olóyè mìíràn, alátakò ní ń lé wọn; òmíràn, àìsàn ni. Tiwa yìí, ẹran tí kò lè mí mọ́ ló bá a jà, ẹran náà ló sì borí.

Orúkọ tí ìwé ìjọba ń pe ipò náà ni chef d'arrondissement, ìyẹn olórí ẹkùn, ṣùgbọ́n ẹnu wa kò gùn tó bẹ́ẹ̀, lẹ́tà C àti A nìkan la mú níbẹ̀, Séà ni à ń pè é. Olùkọ́ ni Gaétan kó tó di Séà. Ọmọ ilé ìwé àwọn fadá ni, ó gbọ́ Faransé débi pé ó lè bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan ní òwúrọ̀ kó má tíì parí rẹ̀ nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán bá jinná. Ọjọ́ tí wọ́n fi ọ̀já aláwọ̀ mẹ́ta ti ìjọba kọ́ ọ lọ́rùn, ó kọ̀ kò bọ́ ọ mọ́. Ó ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń wọ̀ ọ́ lọ sí oko. Nathalie ìyàwó rẹ̀ ní ó ń wọ̀ ọ́ sùn, ṣùgbọ́n èmi kò sí nínú yàrá wọn, n kò lè búra.

Òfin àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé kẹ̀kẹ́ tó bá ń kọjá níwájú bírò, ilé iṣẹ́ òun, gbọ́dọ̀ lu agogo láti fi kí òun, ìbáà jẹ́ pé òun kò sí níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí kò bá ní agogo, kí ẹni tó gùn ún fi ẹnu ṣe é. Ẹ ò bá rí àwọn àgbàlagbà tó ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú ẹrù iṣu lẹ́yìn, tí wọ́n ń ké "gáláń-gáláń" sí àga tó ṣófo. Bí òjò bá sì rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá, Séà á pe ìlú jọ, á wú ikọ́, á ní:

"Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ní ti òjò tó rọ̀ lánàá, wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá síwájú mi. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo sì fọwọ́ sí i."

Àwọn ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Kí ni wọn ì bá ṣe? Òjò ṣáà ti rọ̀.

Ẹni tó ń kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ nígbà gbogbo ni Nicaise, akọ̀wé rẹ̀, ọmọ Akpassi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Nicaise fún yín dáadáa, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ojú àánú ló ní, ojú àánú ló sì kó o sí wàhálà. Òun ni irú ènìyàn tí ẹ bá tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí yóò bèèrè bóyá ẹsẹ̀ yín kò dùn yín.

Lọ́jọ́ kan ni Séà rí àwòrán ọkùnrin kan nínú ìwé ìròyìn, ó dé fìlà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé orí òkú ẹfọ̀n. Séà wo àwòrán náà títí. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó rí i pé nǹkan kan ń bẹ tí ẹsẹ̀ yìí kò tíì gun. Kí oṣù tó parí, ó ti ra ìbọn, ó gba ìwé àṣẹ rẹ̀, ó ra bàtà tó dé orúnkún, ó ra fìlà tí etí rẹ̀ lè ṣíji bo ènìyàn mẹ́ta, ó sì ra ẹ̀wù alápò mẹ́rìnlá. Mo bi Nicaise léèrè ohun tó wà nínú àpò mẹ́rìnlá náà. Ó ní obì kan ni.

Wọ́n lọ sígbó. Ọmọ ẹ̀yìn Séà tó mẹ́jọ: ẹni tó gbé àga, ẹni tó gbé agbòòrùn, ẹni tó gbé omi, àti àwọn tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa sọ pé "Ọ̀gá, ẹ rọra." Séà rí ohun kan tó mì nínú koríko. Ó dijú méjèèjì, ó yìnbọn. Ọta ba ọ̀gán, erùpẹ̀ fò sókè. Séà la ojú, ó yíjú sí Nicaise. Nicaise sì rí ojú náà. Ó ní kò jọ ojú Séà rárá, ó jọ ti ọmọ tó gbé sílétì rẹ̀ wá síwájú olùkọ́, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀ bóyá òun gba ìṣirò náà. Àánú ṣe é. Kó tó mọ ohun tó ń sọ, ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́:

"Ọ̀gá, ó ti bà á!"

"Kí ni mo bà?"

Nicaise kó wọ inú igbó. Oríire rẹ̀, tàbí ibi rẹ̀, ó ti ra ẹtù kan, ẹyẹ tí àwọn mìíràn ń pè ní awó, lọ́wọ́ Rachidi ọdẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà fún ọbẹ̀ ilé rẹ̀, ó wà nínú báàgì tó gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ó yọ ọ́, ó ha á lọ́rùn díẹ̀, ó gbé e jáde. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn hó. Ẹ wo bí èdè wa ti dùn: ẹ̀tù ìbọn ni Séà yìn, ẹtù ni Nicaise gbé jáde, Séà sì tún ní ẹtu ni òun fojú sùn tẹ́lẹ̀. Ta ni yóò bá a jiyàn?

Láti ọjọ́ náà ni Nicaise ti di ẹni tó ń bá Séà pa ẹran. Bí ọdẹ bá ku ọ̀la, yóò lọ bá Rachidi, yóò gba ohunkóhun tó bá wà, Rachidi yóò sì gbé e lọ fi sí abẹ́ igi tí wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Séà yóò yìn sí ìlà-oòrùn, wọn ó rí ẹran ní ìwọ̀-oòrùn. Nicaise á ní ọta ọ̀gá ló yí padà láti wá a lọ. Lọ́jọ́ kan tí kò sí nǹkan lọ́wọ́ Rachidi ju òkété tó ti kú láti àná lọ, Séà fọwọ́ kàn án.

"Nicaise, ó tutù."

"Ọ̀gá, ẹ̀rù yín ló mú un tutù."

Séà mi orí. Ó ní òun náà rò bẹ́ẹ̀. Agbárí ẹran kún ara ògiri bírò rẹ̀, àwọn ènìyàn tó wá gba ìwé ìbí fún ọmọ wọn á jókòó sí abẹ́ ìwo, wọn á máa gbé ojú sá.

Ọkùnrin kan ṣoṣo ní Ìdí-Òrí ni kì í pàtẹ́wọ́. Baba Moucharafou ni, olórí àwọn ọdẹ, arúgbó tí ó ti ń dẹ igbó ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó máa pe ẹnikẹ́ni ní Séà. Baba yìí ló sọ fún Séà pé igbó ní ìlànà. Bí o bá yìnbọn fún ẹran, tó sì gbé ọgbẹ́ sá wọ ilẹ̀ onílẹ̀, o kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ kó máa joró, ọ̀ranyàn ni kí o tọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ gbé ìbọn kọjá ààlà. Ìwọ yóò fi ìbọn lélẹ̀, ìwọ yóò ké sí olóko, ẹ̀yin méjèèjì yóò jọ wá a lọ. Bí ẹ bá rí i, itan kan jẹ́ ti ilẹ̀ tó kú sí.

Séà rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. "Baba, ṣé ẹran mọ ààlà? Ẹran tí kò ka ìwé?"

"Ẹran kò mọ̀ ọ́n," ni Baba Moucharafou wí. "Ènìyàn ló yẹ kó mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ yìí bí Séà nínú débi pé ó wọ bírò lọ ṣe òfin tuntun, ó fi òǹtẹ̀ mẹ́ta lù ú. Òfin náà ní ẹran tí ìbọn Séà bá bà, ti Séà ni níbikíbi tó bá ṣubú sí, ìbáà ṣe ní oko, ní àgbàlá, tàbí nínú ìkòkò ọbẹ̀ ẹlòmíràn. Ìkòkò ọbẹ̀ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, Nicaise ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Tọ́sìdeè kan ní àkókò tí kajú ń so, Nicaise ní kí Rachidi gbé ẹtu kan sí abẹ́ igi ayín tó wà létí odò. Igi ayín méjì ló wà létí odò náà o, ọ̀kan ní ìhín, ọ̀kan ní ọ̀hún. Ọ̀nà Djaloukou ni Rachidi gbà wá láàárọ̀ náà, èyí tó kọ́kọ́ kàn ló gbé ẹran sí abẹ́ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹtu tó yẹ kó kú ní Bantè ṣe kú ní Savalou.

Ilẹ̀ tí ẹtu wà yìí, ti Màmá Léa ni, obìnrin Mahi kan tó jogún oko lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó ń gbin iṣu, ó ní kajú díẹ̀. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, wọ́n sì fi í joyè níbẹ̀ nítorí ohùn orin rẹ̀. Kì í bá ènìyàn jà, ṣùgbọ́n kì í sì í yà fún ènìyàn.

Séà dijú, ó yìn. Nicaise ní, "Ọ̀gá, ó ti bà á!" gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì sáré lọ sábẹ́ igi ìhín. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju èèrùn lọ. Ó gbójú sókè. Lódìkejì odò, lábẹ́ igi ọ̀hún, Màmá Léa dúró ti ẹtu náà, ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni obìnrin náà wí. "Ta ló ni ìbọn tó dún?"

"Séà wa ni, Màmá."

"Ó dáa. Kí Séà yín fi ìbọn lélẹ̀ níbẹ̀ yẹn, kó ké sí mi bí ọdẹ ti ń ké sí olóko, kó máa bọ̀ wá mú ẹran rẹ̀. N kò jẹ ẹran tí n kò pa. Bó bá tiẹ̀ wù ú, kó gbé itan tèmi náà lọ."

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti parí síbẹ̀? Ṣùgbọ́n Séà ti dé etí odò, ó ti gbọ́ ọ.

"Èmi? Kí èmi fi ìbọn lélẹ̀ fún obìnrin olóko? Ìwọ obìnrin yìí, ǹjẹ́ o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ọdẹ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Tí ẹ kì í bá ṣe ọdẹ, kí lẹ ń fi ìbọn ṣe?"

Séà kígbe rara, ó fo ààlà kọjá pẹ̀lú ìbọn, pẹ̀lú ọ̀já, pẹ̀lú fìlà, gbogbo àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ̀lé e pẹ̀lú àga. Wọ́n gba àárín ebè iṣu kọjá. Ebè tí Màmá Léa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ bí ìgbà tí màlúù bá gba ibẹ̀. Séà di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹtu mú. Màmá Léa di ìwo rẹ̀ mú. Séà fà, Màmá Léa fà. Ẹtu náà kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí obìnrin náà rí i pé Séà ti fi gbogbo ara fà sẹ́yìn, ó kàn jọ̀wọ́ ìwo ni. Séà fi ìdí lélẹ̀ láàárín ebè, ẹtu jókòó lé e láyà, afẹ́fẹ́ gbé fìlà ẹlẹ́ni-mẹ́ta lọ sínú odò.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. A kò mọ ẹni náà títí dòní.

"Olè!" ni Séà ń ké láti ilẹ̀. "Ó jí ẹran ìjọba! Ẹjọ́ ni! Ní gbangba! Kí gbogbo ayé wá!"

Baba Moucharafou, tó ti gbọ́ ariwo, dé síbẹ̀. Ó wo ẹtu náà lẹ́ẹ̀kan, ó wo ọrùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò sọ ohun tó rí. Ó kàn ní kí wọ́n gbé ẹran náà fún Sonia, ajẹ́ntì tó ń ṣọ́ igbó ní apá Savalou, kó fi í sínú fìríjì títí di ọjọ́ Sátidé, kó wá yẹ̀ ẹ́ wò lójú gbogbo ènìyàn.

Nicaise ń rò ó pé Sonia yóò wá ọta lára ẹran náà. Ó lọ bá Rachidi ní ilé rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó bá a níbi tó ti ń tún ṣéènì alùpùpù rẹ̀ ṣe.

"Rachidi, ṣé ọta wà lára ẹran náà?"

"Ọta ìbọn ta?"

"Báwo lo ṣe pa á?"

Rachidi kò gbójú sókè. "Mo dẹ okùn wáyà sí i. O mọ̀ pé wọ́n ti kà á léèwọ̀. O kò bi mí rí tẹ́lẹ̀, kí ló dé tí o wá ń bi mí nísinsìnyí? Èmi kò sí níbẹ̀ o. Ìwọ náà, bí o bá gbọ́n, o kò sí níbẹ̀."

Lọ́jọ́ Fráídeè, Nicaise wọlé tọ Séà lọ. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹtu kan ṣoṣo ni. Ọba kì í bá eṣinṣin jà."

Séà gbé ìwé sókè, ojú-ewé mẹ́rìnlá ni, ọ̀kan fún àpò kọ̀ọ̀kan. "Ọ̀rọ̀ tí n ó sọ nìyí. Mo pín in sí ọ̀nà mẹ́sàn-án. Fi sílẹ̀ kẹ̀? Nicaise, lọ yá gbohùngbohùn wá."

Nicaise lọ yá gbohùngbohùn wá. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tó di Sátidé, àga kún iwájú bírò. Ará Koko wá, ará Djaloukou wá, àwọn ìgbìmọ̀ wá láti Bantè. Séà wọ ọ̀já tuntun. Ó sọ̀rọ̀ láti aago mẹ́sàn-án títí aago mọ́kànlá. Ó sọ ìtàn ìbọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó ní nígbà tí òun bá yọ sígbó, àwọn ẹran máa ń tò sílà láti mọ ẹni tó kàn. Ó ní olè tó jí ẹtu yìí, orílẹ̀-èdè ló jí. Nígbà tó dé ọ̀nà keje, ó sunkún díẹ̀.

Sonia dìde. Ọ̀dọ́bìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó tẹ́ ẹtu náà sórí tábìlì, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti imú dé ìrù, ó fi ọ̀bẹ là á, ó wo inú.

"Kò sí ọta kankan lára ẹran yìí," ni ó wí.

Séà fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ó rọrùn láti ṣàlàyé," ni ó wí. "Ẹran náà la ẹnu nígbà tó rí mi. Ọta gba ẹnu wọlé, ó sì gba ìdí jáde."

"Ọta ọmọlúàbí ni," ni Baba Moucharafou wí. "Kò fi ọwọ́ kan nǹkan kan nínú ilé onílé."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Sonia gbọ́wọ́ sókè. Ó fi ìka tọ́ka sí ọrùn ẹran náà, níbi tí irun ti bó, tí àpá wáyà yí i ká bí ẹ̀gbà. "Okùn wáyà ló pa á. Okùn sì lòdì sófin níhìn-ín àti lọ́hùn-ún."

Bí ẹ bá rò pé ìgbà náà ni ojú ti Séà, ẹ kò mọ Séà. Ojú rẹ̀ kàn tàn bí fìtílà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu epo sí.

"Ẹ gbọ́ ọ! Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀! Orí ilẹ̀ ta ni wọ́n ti rí ẹran náà? Orí ilẹ̀ obìnrin yìí! Ta wá ló dẹ okùn? Mo ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀! Kí wọ́n mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá! Oko náà, kí wọ́n gbà á!"

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ké pé "Ọ̀gá, ẹ rọra!"

Sonia yíjú sí Màmá Léa. Obìnrin náà wọ aṣọ funfun, kò wọ bàtà. "Màmá, ṣé tiyín ni okùn náà?"

"Rárá, ọmọ mi. N kò dẹ okùn rí."

"Ṣé ẹ ní ẹlẹ́rìí?"

Màmá Léa wo àwùjọ náà yíká. Lórí àga kọ̀ọ̀kan, ojú kọ̀ọ̀kan wo ilẹ̀. "Èmi nìkan ni mò ń dá oko," ni ó wí. "Bí ẹ bá ń mú mi lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi koríko bo orí ebè mi. Oòrùn yìí, iṣu ọ̀hún á jóná."

Nicaise ló ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ó ti kọ "Léa," ó ti kọ "okùn," kálàmù náà dúró láàárín ọ̀rọ̀ kejì àti ìkẹta, kò lọ mọ́. Ó ní ohun tó ń rò kò pọ̀. Ó ń rò pé obìnrin yìí kò bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀, iṣu ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ó ń rò pé àánú Séà ni òun ṣe ní ọjọ́ kìíní, àánú náà sì ti rìn títí, ó ti dé ọrùn ẹlòmíràn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dìde kó tó pinnu.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀."

"Nicaise, jókòó," ni Séà wí. "Ìwé lò ń kọ."

"Ọ̀gá, ẹ dárí jì mí. Èmi ni. Ẹtu yìí ti kú kí ẹ tó yìnbọn. Ẹtù ti ọjọ́ kìíní náà, inú báàgì mi ló ti wá. Òkété náà, kì í ṣe ẹ̀rù yín ló mú un tutù. Gbogbo wọn, ọ̀gá. Gbogbo èyí tó wà lára ògiri. Mo rà wọ́n ni."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ ti rí ibi tí ènìyàn tó ọgọ́rùn-ún méjì ti ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín pọ̀ rí? Ariwo tí imú wọn ń ṣe dà bí ti agbo ẹran tí omi pá lórí.

"Lọ́wọ́ ta lo ti rà wọ́n?" ni Sonia bèèrè.

Nicaise kò fẹ́ dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó wolẹ̀. Láti ẹ̀yìn pátápátá ni ẹnì kan ti wú ikọ́, àga kan dún, Rachidi sì dìde tìbínú-tìbínú bí ẹni tí wọ́n fa létí.

"Okùn mi ni. Mo tilẹ̀ gbé e sábẹ́ igi tí kò yẹ. Ẹ fi Màmá sílẹ̀."

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ wá kan Séà níbi tó dùn ún. Ó ti funfun bí ẹfun. "Irọ́ ni! Ọ̀tá ló ra wọ́n! Ọdẹ ni mí! Ẹ gbé ìbọn mi wá! Ẹ gbé ohunkóhun síwájú mi, kí ẹ wò!"

Baba Moucharafou ní kí wọ́n gbé igbá kan sórí ọ̀gán tó wà lẹ́yìn bírò, kí gbogbo ènìyàn bọ́ sẹ́yìn. Igbá ńlá ni, irú èyí tí a fi ń gbọn omi fún ẹṣin. Ó jìnnà sí Séà ní ogún ìṣísẹ̀.

Séà dijú, ó yìn. Ewé jábọ́ láti orí igi mángòrò. Ó la ojú, ó yíjú sí Nicaise, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe láti ọdún méjì. Ojú ọmọ tó gbé sílétì dání náà ni.

Omi ń bẹ lójú Nicaise.

"Ẹ kò bà á, ọ̀gá."

Séà tún yìn. Páànù òrùlé bírò lu.

"Ẹ kò bà á."

Ó yìn lẹ́ẹ̀kẹta. Gbohùngbohùn tí wọ́n yá ké "kíìn" lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Igbá jókòó sórí ọ̀gán rẹ̀ láìmọ̀ pé wọ́n ń bá òun wí. Ìgbà yìí, Séà kò wo Nicaise mọ́. Ó fi ìbọn lélẹ̀, ó fa ọ̀já ìjọba tọ́, ó sì gba àárín àwọn ènìyàn kọjá lọ sílé. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wo ara wọn. Ẹni tó gbé agbòòrùn ká a, ó ní iṣẹ́ ń dúró de òun nílé.

Sonia gba gbogbo wáyà Rachidi, ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún un pé èyí tó bá tún ṣe, àgọ́ ọlọ́pàá ni yóò ti ṣàlàyé rẹ̀. Baba Moucharafou ní kí Rachidi àti Nicaise lọ kọ gbogbo ebè tó bàjẹ́ padà. Wọ́n ṣe é fún ọjọ́ mẹ́rin, ọwọ́ akọ̀wé bó, Màmá Léa ń fún wọn ní gàrí, ó ń kọrin sí wọn létí. Òfin ìkòkò ọbẹ̀, àwọn ìgbìmọ̀ fà á ya kí wọ́n tó kúrò lórí àga. Láti ìgbà náà, ọdẹ tó bá lé ẹran dé odò, ìbọn rẹ̀ á dúró ní ìhín, ohùn rẹ̀ nìkan ni yóò kọ́kọ́ kọjá.

Ní ti Séà, ìlú ni kò jẹ́ kó sinmi. Bí ó bá ṣubú lórí ìtẹ̀gùn, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ó ti bà á!" Bí ó bá sín, wọ́n á ní ọta ló gba imú jáde. Nígbà tó pe ìlú jọ láti sọ̀rọ̀ lórí òjò àkọ́rọ̀, ènìyàn mẹ́ta ló wá, méjì nínú wọn sì ń wá ibi ìpàdé mìíràn. Oṣù kejì, àwọn ìgbìmọ̀ yan ẹlòmíràn. Nathalie ló wá kó agbárí lára ògiri lọ, ó kó wọn sínú àpò sìmẹ́ńtì.

Nicaise náà pàdánù iṣẹ́, bó ti yẹ. Ó padà sí Akpassi, ó ń gbin kajú. Níbẹ̀ ló wà ní ọ̀sán kan tó rí ọkùnrin kan tó sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, ṣẹ́ẹ̀tì lásán lọ́rùn, tó ń nu òógùn. Kò kọ́kọ́ dá a mọ̀ láìsí ọ̀já.

"Ọ̀gá! Ẹ kú àbọ̀. Ẹ jókòó."

Gaétan jókòó sórí àpótí. Ó mu omi. Wọ́n bèèrè àlàáfíà ilé, wọ́n bèèrè ti oko. Gaétan wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Nicaise, mo wá bi ọ́ ní nǹkan kan. Sọ òótọ́ fún mi. Nínú gbogbo ìgbà tí mo yìnbọn, ǹjẹ́ n kò tiẹ̀ ba nǹkan kan rí?"

Nicaise ronú. Ó ti ṣèlérí fún ara rẹ̀ pé òun kò ní parọ́ fún ọkùnrin yìí mọ́, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ láti inú àánú.

"Ọ̀kan wà, ọ̀gá."

Gaétan gbé ojú sókè.

"Ewúrẹ́ ni. Ti katikísì. Ẹ rántí ọjọ́ tí a lọ sí ìsàlẹ̀ òkè, tí ẹ ní ẹ gbọ́ igbe? Èmi ni mo lọ sin ín, tí mo sì bá katikísì parí ọ̀rọ̀. Ọta yín ló pa á. Ẹyọ kan, lágbárí."

Gaétan wo ọ̀nà tó ti Akpassi lọ, bí ẹni tó rí nǹkan tó ń mì nínú koríko lọ́nà jíjìn. Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́ lórí àpótí.

"Ewúrẹ́ náà," ni ó wí, "ṣé ó ń sáré ni?"

"Wọ́n so ó mọ́lẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Ó jìnnà?"

Nicaise wo ojú rẹ̀. "Ó jìnnà díẹ̀," ni ó wí, òótọ́ sì ni.